Bí A Ti Ń Kó Òjò Dídì Kúrò Lójú Pópó

Òjò tí ń rọ̀ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pẹ́ lórí ilẹ̀. Bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, apá kan yóò rì wọ inú ilẹ̀, apá kan yóò di àgbàrá, oòrùn yóò sì fa ìyókù gbẹ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ òtútù, irú òjò kan wà tí kì í ṣàn. Òkè a máa tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ìkùukùu yóò fi dì kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń fò wálẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, a kì í sì í gbọ́ ìró rẹ̀ lórí òrùlé. Kì í ṣe yìnyín tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, nítorí yìnyín le bí òkúta, kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń yọ́. Òjò dídì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pè é. Ibi tí ó bá bọ́ sí ni yóò jókòó sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àfi bí ènìyàn bá kó o kúrò.

Ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó wà létí adágún ńlá tí à ń pè ní Michigan, mọ ìyà òjò dídì dáadáa. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ọjà Igbó lọ síbẹ̀ níláti kọ́ bí a ti ń bá òjò dídì gbé, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó wá sí Ọjà Igbó ti níláti kọ́ bí a ti ń bá ọyẹ́ gbé. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, òjò dídì tí ó ga tó ínṣì 23 rọ̀ sí ìlú náà, ó sì kọjá orúnkún àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò àti bọ́ọ̀sì ni ó há sójú pópó, tí àwọn awakọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, òmíràn tí ó tó nǹkan bí ínṣì 20 tún já lé èyí tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìlú kò lè tètè kó o, inú sì bí àwọn ará ìlú. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat dé ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n kọ Michael Bilandic tí ó wà lórí àga olórí ìlú sílẹ̀, wọ́n sì yan Jane Byrne, ẹni tí ó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí ìlú Chicago. Òjò dídì wà lára ohun tí ó yọ olóyè lóyè.

Ẹ̀ka ìjọba tí ń kó pàǹtírí ìlú náà ni ó tún ń kó òjò dídì. Ní kété tí àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ bá ti kéde pé òjò dídì ń bọ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá yóò ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Abẹ irin gbọọrọ ni a so mọ́ iwájú ọkọ̀ náà. Abẹ yìí ni ó ń há òjò dídì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yan gàrí ti í fi igbá gbá a sí apá kan àgbadà. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ tí ń fọ́n iyọ̀ wà. Àwọn ọ̀nà ńlá tí bọ́ọ̀sì, àwọn panápaná àti ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn ń gbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wọ àdúgbò. Nítorí náà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ níláti ní sùúrù, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Bí òjò dídì bá pọ̀jù, wọn a so abẹ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí ń kó pàǹtírí pẹ̀lú.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí iyọ̀ ń ṣe lójú pópó, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Omi lásán a máa dì nígbà tí òtútù bá dé òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í tètè dì bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ bá kan omi dídì, yóò yọ́ ọ, kò ní í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, abẹ irin yóò sì rí i há. Síbẹ̀, agbára iyọ̀ ní ìwọ̀n. Bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ òdo tó nǹkan bí ìwọ̀n 9, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dínkù púpọ̀. Iyọ̀ tún ń mú kí irin mọ́tò dípẹtà, ó ń pa koríko, ó sì ń ṣàn lọ sínú odò. Ìdí nìyí tí a fi ń fọ́n ọn níwọ̀nba.

Iṣẹ́ ìjọba kò kọjá ojú pópó. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà níwájú ilé, onílé ni ó ni ín. Òfin Chicago sọ pé òjò dídì tí ó bá rọ̀ láàárín agogo 7 òwúrọ̀ sí agogo 7 alẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí agogo 10 alẹ́ tó lù. Èyí tí ó bá rọ̀ lẹ́yìn agogo 7 alẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò kí agogo 10 òwúrọ̀ tó lù. Ẹni tí ó bá ṣe àìgbọràn lè san owó ìtanràn. Òfin kò sì gbà kí ènìyàn kó ti iwájú ilé rẹ̀ dà sójú pópó, nítorí ohun tí ọkọ̀ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ há kúrò ni yóò tún dá padà síbẹ̀. Bákan náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin, a kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀nà ńlá kan láti agogo 3 òru sí agogo 7 òwúrọ̀, ìbáà jẹ́ pé òjò dídì rọ̀ tàbí kò rọ̀. Gígùn àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tó máìlì 107. Ọ̀pọ̀ àlejò ni kò ka pátákó tí a kọ ọ́ sí, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ tí wọn kò bá mọ́tò wọn níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ó yẹ kí a kó òjò dídì ní kùtùkùtù, nígbà tí ó ṣì fúyẹ́. Bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò di omi dídì tí ń yọ̀ bí ẹrẹ̀, níbi tí àgbàlagbà lè ṣubú sí kí egungun ìtàn rẹ̀ sì ṣẹ́. Kí a fi ṣọ́bìrì tì í, kí a má ṣe máa gbé e sókè. Kí a sì máa sinmi. Iṣẹ́ yìí wúwo ju bí ojú ti rí i lọ, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn kò lágbára. Kí arúgbó àti aláìsàn fi í sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ àdúgbò. Kí a wo ẹ̀yìn mọ́tò kí a tó tan iná rẹ̀, nítorí bí òjò dídì bá dí ihò èéfín, èéfín olóró tí kò ní òórùn yóò padà sínú ọkọ̀, yóò sì pa ẹni tí ó wà níbẹ̀. Kí a má sì ṣe gbàgbé ẹ̀rọ omi àwọn panápaná tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí òjò dídì bá bò ó, ilé lè jóná tán kí a tó rí i.

Àṣà kan tún wà ní ìlú náà tí yóò yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Ẹni tí ó bá fi òógùn ojú kó òjò dídì kúrò ní ààyè tí yóò gbé mọ́tò rẹ̀ sí a máa fi àga ògbólógbòó síbẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde, bí ẹni fi ààlè sídìí igi eléso. Òfin kò fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aládùúgbò ń bọ̀wọ̀ fún un.

Òjò dídì kò ní í rọ̀ sí Ọjà Igbó, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan Ọjà Igbó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún bo bèbè rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣe ọṣẹ́ ńlá ní ìlú kan náà. Òjò ni ó rọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí ọwọ́ ènìyàn dà sínú odò àti gọ́tà wà lára ohun tí ó dí ọ̀nà omi. Ìjọba ni yóò la gọ́tà ńlá, kí ó sì máa gbẹ́ ẹ; ẹni tí ó ni ìsọ̀ àti ẹni tí ó ni ilé ni yóò máa gbá iwájú tirẹ̀, tí kò sì ní í gbá a sí iwájú ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá ṣe tirẹ̀ tí èkejì kò ṣe, omi kò ní í béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni eji rí leji ń pa.