Kí ẹ tó ra ańpìlífáyà: Òǹkà wáàtì ara páálí kì í ṣe òótọ́ ní gbogbo ìgbà

Ọdún tó lé ní mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Òkìtìpupa wà lára wọn, fi wà láìrí iná mọ̀nàmọ́ná lò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ríra ẹ̀rọ ìgbọ́rin sílé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò fi lè rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, kó gbádùn orin aṣíkò Comfort Omoge, ọmọ Ìkálẹ̀ tó lókìkí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí iná yóò ti wá, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ ańpìlífáyà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ohùn tó ń jáde láti inú fóònù, ẹ̀rọ CD tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àwo kò lágbára tó láti mi sípíkà. Ańpìlífáyà ló ń gba ohùn kékeré náà, tó ń fi agbára iná sọ ọ́ di ńlá. Èyí tó dára kì í bu nǹkan mọ́ orin, kì í sì í yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáàtì ni wọ́n fi ń rẹ́ olùrà jẹ jù lọ. Ẹ ó rí páálí tí wọ́n kọ 3,000 wáàtì PMPO sí gàdàgbà-gàdàgbà, bẹ́ẹ̀ wáyà tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ náà kò nípọn ju ti fáànù orí tábìlì lọ. PMPO kò ní òdiwọ̀n kan pàtó. Bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣírò ó. RMS ni kí ẹ máa wò, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀tàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àsọdùn náà pọ̀ débi pé àjọ FTC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò gbé òfin jáde lọ́dún 1974 lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọn wáàtì kí wọ́n tó polówó rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Òfin Amẹ́ríkà kò dé ọjà Òkìtìpupa o, ojú olùrà ni ọlọ́pàá níbẹ̀.

Wáàtì tí ilé nílò kò tilẹ̀ pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ańpìlífáyà NAD 3020 tó jáde lọ́dún 1978 kò ju 20 wáàtì lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó wà lára èyí tí àwọn olólùfẹ́ orin yìn jù lọ lágbàáyé. Bí ẹ bá ti inú 50 wáàtì bọ́ sí 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn yóò fi lé sí i, díẹ̀ báyìí sì ni etí yóò mọ̀. Sípíkà tó ń gbé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 90 jáde pẹ̀lú wáàtì kan yóò fi ìdajì agbára dún tó èyí tó ń gbé 87 jáde. Ẹni tó bá fowó sórí sípíkà tó dára ti ra wáàtì lọ́nà ẹ̀bùrú nìyẹn.

Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà yín pẹ̀lú, bóyá 8 óòmù ni tàbí 4. Ańpìlífáyà tó ní 8 lòun lè gbé, tí ẹ wá so 4 mọ́, lè gbóná títí yóò fi jó. Èyí tí kò lágbára tó, tí wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ dé òpin níbi ayẹyẹ, máa ń ba sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínínrín jáde jẹ́.

Nínú àwọn tòkúnbọ̀, Sansui, Pioneer, Kenwood àti Marantz àtijọ́ ṣì níyì. Àmọ́ ewu ń bẹ níbẹ̀: iná Japan jẹ́ 100 fólítì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó bá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ iná wa láìlo tírànsífọ́mà tó ń dín iná kù yóò gbọ́ òórùn owó rẹ̀ tó ń jóná. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà yìí.

Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe nǹkan à ń tàn tìtorí orin mọ́. Oríṣi ańpìlífáyà tí wọ́n ń pè ní Class D ló bá ínfátà àti sólà mu jù, nítorí nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó bá gbà ló lè sọ di ohùn. Class AB àtijọ́ ń fi púpọ̀ ṣòfò sínú ooru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí sípíkà kùn. Èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ àwo àtijọ́ tí bàbá yín fi sílẹ̀ lẹ fẹ́ máa gbọ́, ẹ wá ojúhò tí wọ́n kọ Phono sí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Láìsí i, ohùn àwo yóò kéré, yóò sì rí tín-ín-rín.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ láìlu orin kankan, kí ẹ sì yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń kùn, ó ṣeé ṣe kí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti gbó, owó gidi sì ni àtúnṣe rẹ̀. Bó bá kàn ń ha nígbà tí ẹ yí i, eruku lásán lè ni, ìyẹn kò sì gbówó lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó dán an wò, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà bá yàn fún yín.