Owó Ọ̀fẹ́ Oṣooṣù ní Kẹ́ńyà: Ṣé Ó Sọ Wọ́n Di Ọ̀lẹ?

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá ní láti oṣù tó ń bọ̀, owó á máa wọlé fún yín lóṣooṣù, tí kì í ṣe owó iṣẹ́, tí kì í ṣe owó ẹ̀yáwó, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín bẹ́ ẹ ṣe ná an, ṣé ẹ ó ṣì máa jí lọ sọ́jà? Ṣé bàbá àwọn ọmọ á ṣì gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde? Àbí gbogbo ilé á kàn máa sùn, tí wọ́n á máa ka ọjọ́ oṣù?

Àwọn tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ á sọ èèyàn di ọ̀lẹ kò kéré. Ẹ ò lè bá wọn jà. Àwọn bàbá wa náà ló ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Kẹ́ńyà, ojú sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

TA LÓ Ń PÍN IN?

Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti Amẹ́ríkà, GiveDirectly lorúkọ wọn, ló gbé owó náà kalẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fi abúlé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti tàn dé abúlé 195 ní agbègbè Siaya àti Bomet. Wọn ò yan tálákà, wọn ò yan olówó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ní abúlé tí owó dé ló ń gbà. Orí fóònù ló ń bá kálukú, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀.

Ẹ má rò pé owó ńlá ni o. Dọ́là 22 ààbọ̀ ni lóṣù, ìyẹn 2,250 ṣílè tiwọn nígbà náà. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́, kò pé dọ́là kan lójúmọ́. Kò lè kọ́lé, àmọ́ kò ní í jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ gbẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Abúlé 44 ni wọ́n ṣèlérí fún pé ọdún 12 gbáko ni wọn yóò fi máa gbà á. Abúlé 80 gbà á fún ọdún méjì péré. Abúlé 71 tó kù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kó tiwọn fún wọn, ó tó nǹkan bí 500 dọ́là. Abúlé 100 mìíràn ò gba kọ́bọ̀; àwọn ni wọ́n fi ń wé àwọn tó gbà.

“OWÓ AWO NI, A Ò FẸ́!”

Ẹ̀rín ò ní í pa yín bí? Kí owó oṣooṣù yìí tó bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ yìí kan náà gbé owó ọ̀fẹ́ lọ sí agbègbè Homa Bay, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ló kọ̀ ọ́! Àhesọ ti gba ìlú pé owó awo ni, pé owó èṣù ni, ẹni tó bá gbà á yóò fi nǹkan dí i. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ àjèjì láìbéèrè pé kí ló fẹ́ gbà padà?

IṢẸ́ ŃKỌ́?

Lọ́dún 2023, àwọn ọ̀mọ̀wé gbé àbájáde ọdún méjì àkọ́kọ́ jáde. Abhijit Banerjee, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, àti Tavneet Suri wà nínú wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí: àwọn tó ń gba owó náà kò dín iṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n dín kù! Àwọn tó ń ṣe lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀, wọ́n ń dá òwò tiwọn sílẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ló kàn yìí. Àwọn tó gba owó lẹ́ẹ̀kan náà rí òwò ṣe dáadáa, nítorí ojú owó ti pé lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọlọ́dún méjì ò rí òwò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọlọ́dún 12, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ kan náà ni tiwọn, ṣe dáadáa bíi ti àwọn olówó ẹ̀ẹ̀kan. Kí ni wọ́n dá? Èsúsú ni! Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ń dá a lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn a kó o, a fi ra ọjà. Ohun tí ẹ̀yin ìyá wa ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ pé owó òun ò ní í dáwọ́ dúró lọ́la ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti dá èsúsú.

NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀yin ìyá á ní, “Ọkọ mi á fi mu ọtí.” Lọ́dún 2014, David Evans àti Anna Popova ti Báǹkì Àgbáyé kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ lórí owó tí wọ́n ń pín fáwọn aláìní. Wọn ò rí i pé owó náà ń mú kí èèyàn máa ra ọtí àti sìgá sí i. Ìwádìí mìíràn ní Kẹ́ńyà, lórí owó tí GiveDirectly pín ṣáájú ti oṣooṣù yìí, fi hàn pé lílu ìyàwó dínkù, ìyàwó gbà á o, ọkọ gbà á o. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ilé, àìsí ló ń dá a sílẹ̀.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, èrè òwò wọn lọ sílẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Àmọ́ ebi ò pa wọ́n tó àwọn tí kò gba nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé owó aláàánú nìyí, kì í ṣe ti ìjọba. Bí ìlú odindi bá fẹ́ ṣe é, níbo lowó á ti wá? Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi rí ẹ̀kọ́ kan kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí owó fún yín, ẹ má kàn bi í pé “èló ni?” Ẹ bi í pé “ọdún mélòó ni?” Owó tó dé lónìí tí kò dé lọ́la, oúnjẹ la fi ń jẹ. Èyí tó dá wa lójú la fi ń ṣòwò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí owó náà bá kàn yín, kí lẹ máa fi ṣe? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má purọ́ o!