Iná Pálọ̀ Wa: Kì í Ṣe Gílóòbù Ńlá Ló Ń Mú Ilé Dùn ún Wò

 

Ilé Festac Town kì í ṣe ilé àná. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, kí ó tó di ibùgbé wa. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ tí a ń wọ̀ níbẹ̀ àti ní Amuwo-Odofin, iná kan ṣoṣo ló wà láàárín àjà. Bí onílé bá rówó, yóò ra àga tuntun, yóò kun ilé, ṣùgbọ́n iná kan náà ni yóò fi wo gbogbo rẹ̀. Yóò wá máa bèèrè pé, "Èé ṣe tí ilé mi ò fi dùn ún wò?"

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Iná tó bá ti òkè nìkan wá máa ń fi òjìji sábẹ́ ojú èèyàn, igun ilé á sì ṣókùnkùn. Ẹ pín iná náà. Dípò ńlá kan, ẹ fi kékeré mẹ́ta sí i: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lára ògiri, ọ̀kan lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ẹ fi ń kàwé. Bí iná bá kan ògiri funfun, yàrá á dà bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara páálí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Èkíní ni lumen, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Watt kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ o. Iná tí gílóòbù ń jẹ ni. Gílóòbù àtijọ́ onwatt 60 ń mú nǹkan bí lumen 800 wá. LED tó dára, watt 9 péré ni yóò fi ṣe é.

Èkejì ni kelvin, ìyẹn àwọ̀ iná. 2700 sí 3000 pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà. Ó ń tu ni lára, ó yẹ pálọ̀ àti yàrá ibùsùn. 4000 dára fún ilé ìdáná. 6500 funfun bí ọ̀sán gangan. Ibi iṣẹ́ ló yẹ.

Ẹ̀kẹta ni CRI, tó ń sọ bí àwọ̀ nǹkan yóò ṣe hàn dáadáa sí. 100 ló ga jù. 80 tó fún ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ wá 90 sókè. Oníbàárà tó ra léèsì lábẹ́ iná burúkú, tó wá rí àwọ̀ mìíràn nínú oòrùn, yóò gbé e padà wá, ìjà á sì dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Gílóòbù onwatt 60 márùn-ún tó ń tàn fún wákàtí 6 lálaalẹ́ yóò jẹ yúnìtì 54 ní ọjọ́ 30. LED onwatt 9 márùn-ún kò ní jẹ ju yúnìtì 8 àti díẹ̀ lọ. Nǹkan bí yúnìtì 46 ló kù sínú mítà yín. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé owó gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Páálí mìíràn ń purọ́. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án lójú yín. Bí ẹ bá fẹ́ fa wáyà tuntun, ẹ pe oníṣẹ́ iná, kí ó sì pa iná láti ìdí mítà kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí iná aláràbarà wá yá owó ẹgbẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan lóṣù yìí, kí ẹ ṣe òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ire o.