Bí Iṣu Igbó Ṣe Di Iṣu Ilé

Ní ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn oníṣu a máa to iṣu bí ẹni to igi ìdáná. Ìyá tí èmi àti ẹ̀ jọ ń dúnàádúrà fi èékánná ha èèpo ọ̀kan kí n lè rí bó ṣe funfun nínú. "Láàbókọ̀ rèé," ó ní, "ẹ má fi wé òmíì. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó." Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ gbin iṣu láyé. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá gbogbo wa ni. Ẹ ṣáà rà á."

Àwàdà nìyẹn lójú tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká wá bàbá gbogbo wa lọ, ọdẹ ni ìtàn Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn Yorùbá ibẹ̀ ní àwọn ọdẹ tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá ló kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí àdúgbò Akron. Abàmì olórí mẹ́sàn-án kan yọ sí wọn láti inú ọ̀gán, òun ni wọ́n ń bọ ní ojúbọ Àbẹ̀sàn títí dòní. Ohun tí ìtàn ọdẹ yẹn kò sọ ni ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ́. Mi ò rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹ wo Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú egungun èèyàn kan níbẹ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún nínú ilẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé kó mú, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọfà, ló kún inú ihò náà. Nínú iyẹ̀pẹ̀ òkè, tí kò pẹ́ tó ti ìsàlẹ̀, ìkòkò àti àáké olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, síbẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ọdẹ kò dáwọ́ dúró. Wọn ò ju ọfà nù kí wọ́n tó mọ ìkòkò.

Oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn ńkọ́? Ní Kintampo, ní Gánà, ẹ̀wà àti jéró tí wọ́n jẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú ilẹ̀, torí hóró tó bá jóná a máa pẹ́. Iṣu kì í pẹ́. Ó ń jẹrà, kì í sábà fi ẹ̀rí sílẹ̀. Inú iṣu fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá ẹ̀rí tirẹ̀: ní 2019, olùwádìí Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá iṣu ilé àti iṣu igbó 167 wò. Iṣu inú igbó dúdú ni wọ́n rí pé ó bí iṣu funfun wa, kì í ṣe ti ọ̀dàn. Ibi tó ti di iṣu ilé sì wà ní agbègbè Odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Gánà àti ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Bẹ̀nẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì.

Iṣu igbó yẹn kì í ṣe oúnjẹ ọ̀lẹ. Ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀ sí, gbòǹgbò ẹlẹ́gùn-ún ló ń ṣọ́ ọ, okùn rẹ̀ sì ń gun igi lọ wá oòrùn lókè. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti làágùn wú u lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé ibẹ̀. Á dá orí rẹ̀ padà sínú ihò, á sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Níbẹ̀ yẹn, ṣé ọdẹ ni àbí àgbẹ̀?

Àwọn kan ṣì ń sọ iṣu igbó di iṣu ilé. Àwọn olùwádìí Dumont àti Vernier kọ nípa rẹ̀ láàárín àwọn Bàrìbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 2000, Mignouna àti Dansi sì kọ nípa àwọn Nàgó àti Fọ̀n ibẹ̀ ní 2003. Àgbẹ̀ á wú iṣu igbó tó wù ú, á gbìn ín sínú ebè. Àwọn mìíràn á fi àpáàdì tàbí òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí iṣu náà bá ti kan àpáàdì, kò rí ọ̀nà sísàlẹ̀ mọ́, ó di dandan kó sanra. Lọ́dọọdún ni wọ́n á mú èyí tó dára gbìn, èyí tó burú á di jíjẹ. Ó ń gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ̀gún á máa dín kù, ara á máa dán.

Iṣu tí èèyàn ń fi èébù gbìn lọ́dọọdún kì í yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igbó fi wúlò: nígbà tí wọ́n yẹ àwọn iṣu tí àgbẹ̀ mú wá láti inú igbó wò ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn kan jẹ́ ọmọ igbó pátápátá, àwọn mìíràn jẹ́ àdàlù tí iṣu ilé àti iṣu igbó jọ bí.

Bí iṣu tuntun náà bá jọ irú kan tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá jọ, wọ́n á fún un lórúkọ. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ẹrù ọjà, ọkọ̀ á sì kó o wá sí Wàǹdó pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ìyá oníṣu pé inú igbó wo ni wọ́n ti wú u.