Títì Kan Láàárín Orin Méjì: George Gershwin àti Fẹlá Ṣówándé

Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín géètì Yunifásítì Ìbàdàn àti Àgbowó. Lálẹ́ Sátidé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń bú ní Àgbowó: fújì, jùjú, orin àwọn ọmọ tuntun, ìsọ̀ kan kò gbà fún ìkejì. Nínú ọgbà yunifásítì, bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń múra ìsìn ọjọ́ kejì sílẹ̀, ìwé ló máa wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ẹni tó bá ṣi ohùn kan gbé, ọ̀gá akọrin á dá gbogbo wọn dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe tán, àwọn akọrin yìí náà á sọdá wá jẹ súyà, wọ́n á sì mirí sí orin Àgbowó láìtijú. Etí kan náà ló ń gba méjèèjì. Àwọn tó ń ṣe orin ọ̀hún gan-an ni kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní orin ìgboro, ká pe ìkejì ní orin ìwé. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1890 títí di 1940, orin méjèèjì wọnú ara wọn débi pé ó ṣòro láti tọ́ka ibi tí ọ̀kan parí sí. Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ tó lọ́dọ̀ wa? Èèyàn méjì ni mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n: George Gershwin, ọmọ New York, àti Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọgbà tí mò ń sọ yìí.

Ọjà ló kọ́kọ́ gba Gershwin síṣẹ́. Ní 1914, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Remick, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé orin tà, lówó dọ́là 15 lọ́sẹ̀. Kó jókòó sídìí pianó láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa tẹ orin tuntun kí oníbàárà lè rà á, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rántí àwọn tó ń ta àwo orin ní Dùgbẹ̀ láyé ijọ́sí, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pe èrò láti ojú ọ̀nà, á mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1919 ó kọ “Swanee”. Gbajúmọ̀ akọrin Al Jolson gbé orin náà, ìwé rẹ̀ sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1924, ẹgbẹ́ olórin Paul Whiteman ṣe eré kan ní gbọ̀ngàn Aeolian ní New York. Níbẹ̀ ni Gershwin ti jókòó sídìí pianó, tó tẹ Rhapsody in Blue. Ẹlòmíràn, Ferde Grofé, ló pín in fún àwọn onífèrè àti àwọn yòókù. Ọmọ tó ń ta orin ní kọ̀rọ̀ ti wọ gbọ̀ngàn àwọn ọlọ́lá.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn náà fún un ni ó yẹ ká wò dáadáa. Láyé ìgbà yẹn, kí rédíò tó dé, ìdílé tó bá rí jẹ díẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ra pianó sí pálọ̀. Ní 1909 nìkan, ilé iṣẹ́ wọn ṣe ju 300,000 pianó lọ. Ẹni tó bá ní pianó nílé á máa ra ìwé orin láti fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, orin ìgboro wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀, orí ìwé ló wà. Scott Joplin, aláwọ̀ dúdú tó ń tẹ pianó ní ilé ọtí ní Missouri, kò ta “Maple Leaf Rag” rẹ̀ ní 1899 gẹ́gẹ́ bí àwo orin. Ìwé ló tà, sẹ́ǹtì kan ni ó ń gbà lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ orin ijó àti ẹni tó ń kọ símfónì ń lo takàdá kan náà àti ìlà márùn-ún kan náà, inú ọjà kan náà sì ni wọ́n ń tà á.

Òfin tún tì wọ́n lẹ́yìn. Òfin 1909 sọ pé ẹni tó kọ orin gbọ́dọ̀ gba owó bí wọ́n bá gbé orin rẹ̀ sórí àwo. Ní 1914 àwọn olórin dá ẹgbẹ́ ASCAP sílẹ̀ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá ń ṣe orin wọn ní gbangba. Nígbà tó di 1917, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè wọn dájọ́ pé ilé oúnjẹ tó bá ń fi orin dá oníbàárà lára yá gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tó ni orin, kódà bí kò tilẹ̀ gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fojú inú wo ìdájọ́ yẹn ní gbogbo ilé ọtí àti ilé àmàlà tó wà láti Bódìjà dé Ring Road.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún gbogbo èèyàn. Joplin kọ ópẹ́rà kan, Treemonisha. Òun fúnra rẹ̀ ló fowó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní 1911. Nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ ọ ní Harlem, láìsí ọkẹ́sítírà, pẹ̀lú pianó nìkan. Ó kú ní 1917. Ìgbà tó di 1972 ni wọ́n tó gbé ópẹ́rà náà sórí ìtàgé bó ṣe yẹ, ní 1976 ni wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer, nígbà tó ti lo ọdún 59 nínú ilẹ̀. Florence Price ńkọ́? Obìnrin yìí ti tẹ ọ́gáànì nílé sinimá láti fi jẹun. Ní 1933 ọkẹ́sítírà ìlú Chicago ṣe Símfónì Kìíní rẹ̀, èyí tó fi ijó juba ti àwọn ẹrú ìgbàanì sí ibi tí àwọn ará Yúróòpù máa ń fi ijó tiwọn sí. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ọkẹ́sítírà ńlá ní Amẹ́ríkà máa ṣe símfónì rẹ̀. Ní 2009, àwọn tó fẹ́ tún ilé àfọ́kù kan ṣe ní abúlé St. Anne ní Illinois bá òkìtì ìwé orin rẹ̀ níbẹ̀. Paul Whiteman, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n ń pè ní ọba jáàsì. Ní Cotton Club ní Harlem, níbi tí Duke Ellington ti ń ṣeré láti 1927, àwọn dúdú ló wà lórí ìtàgé, àwọn funfun ló jókòó tí wọ́n ń mutí. Gershwin, ọmọ àwọn Júù tó ṣí wá láti Rọ́ṣíà, mú lára ohun tó gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn dúdú, ó sì gba owó àti òkìkí tí àwọn tó ni ín kò rí gbà.

Orí èyí ni mo ti fẹ́ fi Ṣówándé wé e.

Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Emmanuel Ṣówándé, ń kọ́ni ní St. Andrew’s College ní Ọ̀yọ́. Ní Èkó, ọmọ náà kọ́ ọ́gáànì lọ́dọ̀ T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tó tẹ ọ́gáànì ní Kàtídírà Krístì láti 1914 dé 1962. Ní àárín àwọn ọdún 1930 ó kọjá sí London láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà. Ibẹ̀ ló ti bá Amẹ́ríkà pàdé. Ní 1936 ó jókòó sídìí pianó, ó tẹ Rhapsody in Blue ti Gershwin fún àwọn ará London. Ó tẹ pianó pọ̀ pẹ̀lú Fats Waller, olórin jáàsì láti Amẹ́ríkà, ó sì fi ọ́gáànì gbè lẹ́yìn Adelaide Hall, obìnrin tó ti kọrin pẹ̀lú Ellington ní 1927. Waller yìí náà ló tẹ pianó ní Carnegie Hall ní 1928, nígbà tí wọ́n ṣe Yamekraw, iṣẹ́ ńlá tí James P. Johnson fi bùlúùsì àti orin ẹ̀mí kọ. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá yìí kò gbọ́ nípa bí orin ìgboro ṣe ń di orin ìwé lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é gan-an ló jókòó sí. Lálẹ́ ó ń ṣeré fún oníjó, lọ́sàn-án ó ń kàwé ọ́gáànì, títí tó fi gba oyè Fellow ti Royal College of Organists ní 1943.

Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Ìpín márùn-ún ló ní. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí orin Ephraim Amu ti Gold Coast ló dúró lé. Èyí tó gbẹ̀yìn, “Akinla”, háíláìfù ni.

Bí mo bá gbé “Akinla” sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rhapsody in Blue, ohun tí mo gbọ́ nìyí. Rhapsody tóbi, ó lẹ́wà, fèrè tó fi bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ hàn. Orin dídùn kan á parí, pianó á dá ṣe àrà, orin mìíràn á wọlé. Gershwin ń fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn wá. “Akinla” kò gùn, kò sì sí ìlù nínú rẹ̀. Okùn ló ń ṣe iṣẹ́ gìtá, iṣẹ́ agogo àti ti ẹsẹ̀ oníjó. Orin náà kò fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sì wọ aṣọ tí kò bá a mu. Lójú tèmi, Ṣówándé mọ ìsopọ̀ ju Gershwin lọ. Ilé ara rẹ̀ ló ti mú ohun tó mú. Àwọn ará Kánádà mọ “Akinla” dáadáa, nítorí òun ni orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò Gilmour’s Albums lórí rédíò CBC fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní Challenge bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí.

Ṣówándé padà sílé ní 1953 láti ṣe olórí ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó kọ símfónì kan fún òmìnira 1960, ó sì wá sí ẹ̀ka ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà tó dé yẹn, Ìbàdàn ń gbóná. Eddy Okonta ń fọn fèrè rẹ̀ ní ilé ijó Paradise. Roy Chicago, tó gbé gángan wọ inú háíláìfù, ti ṣeré ní Central Hotel kó tó kó lọ sí Èkó. Tẹlifíṣọ̀n WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1959, ń gbé àwọn oníjùjú dé pálọ̀. I. K. Dairo wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀, ó sì gba MBE ní 1963, oyè kan náà tí wọ́n ti fún Ṣówándé ṣáájú. Ẹgbẹ́ Mbari sì wà nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ láti 1961, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ayàwòrán ti ń pàdé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so orin méjèèjì pọ̀ ti dé, àwọn tó yẹ kó sopọ̀ mọ́ra náà wà nílẹ̀.

Wọn kò sopọ̀ tó. Àwọn kan á ní ìgbéraga yunifásítì ló fà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Orin ìgboro tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ gba orí ìwé kọjá. Láti ẹnu ló ti bọ́ sórí àwo àti rédíò. Kò sí pianó ní pálọ̀ wa tí à bá fi máa ra ìwé orin. Owó òde àríyá wa náà, iwájú orí ẹni tó ń kọrin ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ti pe orúkọ olówó, ó sì ki bàbá rẹ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ sílẹ̀ láti ilé, torí olórin kò tíì mọ ẹni tó máa dìde náwó. Ẹni tó jókòó sílé kọ nóòtì kò ní ìpín nínú owó yẹn. Gershwin jẹun nínú ọjà. Ṣówándé jẹun lọ́wọ́ ìjọba àti yunifásítì. Nínú ọgbà, Ifá ni ó gba ọkàn rẹ̀ jù. Ní 1968 ó lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, kò sì padà wá gbé nílé mọ́. Ohio ló kú sí ní 1987.

Ibì kan ṣoṣo ni orin méjèèjì ti ń pàdé níbí, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní Amẹ́ríkà náà, Thomas Dorsey fi ìdí pianó bùlúùsì sílẹ̀, ó di bàbá orin gọ́sípẹ́ẹ̀lì. Ṣówándé fi orin Yorùbá kọ “Oyígíyigì” àti “Ọbáńgíjì” fún ọ́gáànì. Ọmọkùnrin tó tẹ kíbọ́ọ̀dù fún onígbèéyàwó ní Ring Road lálẹ́ Sátidé, òun ni ẹ máa bá nídìí ọ́gáànì ní Bódìjà láàárọ̀ Sọ́ńdè. Òun ni Ìbàdàn ní tó sún mọ́ Waller jù lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ìwé Ṣówándé síwájú rẹ̀.

Gershwin borí lọ́jà. Ti Ṣówándé wúwo jù nínú iṣẹ́. Bí orúkọ ọmọ Ọ̀yọ́ yìí kò bá dún nílùú tó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, àwa tí a ń gbébẹ̀ ni kó jẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lóde àríyá, ẹ wá “Akinla” kàn. Bí ìyàwó bá ń wọlé ní gbọ̀ngàn kan ní Challenge ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fi í gbà á wọlé. Háíláìfù ni, wọ́n á jó.