Gíláàsì Tó Bo Irin

Ìyá Ìbejì, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé kànrìnkàn onírin ti ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn. Ilé àtijọ́ tí ẹ kó wọ̀ ní àdúgbò Louis yìí, ó hàn pé àwọn tó kọ́ ọ náwó sí i. Ẹ fi oríkèé ìka kan ara ohun tí àwọn ará Libreville ń pè ní baignoire yẹn. Tó bá dún gbọnrangandan bí agogo, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ̀ ṣe é. Èyí tó wà nílé yín dún kì, bí ìgbà tí èèyàn kan ògiri: irin yíyọ́ tí wọ́n dà ni. Irú rẹ̀ sábà máa ń wúwo ju 100 kìló lọ, kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó kó jáde fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ yín ń kàn nínú rẹ̀ kì í ṣe irin o. Gíláàsì ni. Wọ́n lọ gíláàsì kúnná bí èlùbọ́, wọ́n bù ú wọ́n irin tó ti gbóná janjan, ó yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1883, John Michael Kohler fi irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ bo ọpọ́n irin tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fún ẹṣin lómi ní Sheboygan, ní Amẹ́ríkà, ó sì ń tà á fún ìwẹ̀. David Dunbar Buick, tí mọ́tò Buick ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ bíbo irin yìí ní Detroit kó tó dé ìdí mọ́tò. Àwo tánganran tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń bu ọbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọpọ́n yìí. Ẹ ò rántí bó ṣe máa ń rí tó bá já bọ́? Ojú dúdú kékeré kan á yọ létí rẹ̀. Tó bá pẹ́, ojú náà á fẹ̀, á sì pọ́n. Irin tó bá ń dógùn-ún máa ń wú ni, á sì máa ti gíláàsì tó yí i ká kúrò lórí ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi yanrìn tàbí eérú tí a fi ń fọ ìkòkò nílé kàn án. Wọ́n á ha á. Ìdọ̀tí á wọnú ibi tó ha, ẹ̀yin náà á tún wá fi agbára kún fífọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ tó. Tí ọ̀rá bá yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ po bicarbonate, ìyẹ̀fun àwọn oníkéèkì, mọ́ ọṣẹ kó ki bí ògì, ẹ fi pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ. Létí òkun tí a wà yìí, bálùwẹ̀ kì í dédé gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìlà pupa tó ti abẹ́ ẹ̀rọ omi ṣàn lọ sójú ihò yẹn ńkọ́? Mo wò ó dáadáa lánàá. Lókè, ó dà bí omi tíì. Nísàlẹ̀, ó ti ṣú bí epo tó jóná. Ìpáàrà inú páìpù ni omi tó ń kán tótó ń gbé wá, ọpọ́n kò jẹ̀bi rẹ̀. Javel, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, kò lè ká a, ó tiẹ̀ lè mú un lẹ̀ pinpin sí i. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ẹ ṣàn án nù. Tí ó bá sùn síbẹ̀, ìkan rẹ̀ á jẹ gíláàsì àtijọ́, ojú rẹ̀ kò sì ní dán mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ọsàn tàbí vinegar má pàdé javel láé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, fèrèsé bálùwẹ̀ yín sì kéré. Kí ẹ tó fi ọsàn kàn án rárá, ẹ jẹ́ kí pùlọ́ńbà pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà.

Mo mọ̀ pé bí omi bá ti dé, ẹ ó fẹ́ pọn ọn kún ọpọ́n, torí a kì í mọ ìgbà tí yóò tún lọ. Kò burú fún òru kan. Kó má di ọ̀sẹ̀: ẹ̀fọn á ti yé sí i, ẹyin rẹ̀ á sì ti fẹ́ẹ̀ di ẹ̀fọn tó ń fò. Dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí sàn jù. Kẹ́ẹ má sì fi garawa irin bu omi nínú ọpọ́n, kó má baà ha gíláàsì rẹ̀.

Ó ku ojú kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò náà, tí kò ju ẹ̀pà kan lọ. Ìyẹn kò gbọdọ̀ pẹ́. Àárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù láti tún un ṣe, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á títí irin yóò fi máa dán, ẹ fi alcool tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gún abẹ́rẹ́ nù ún, kí ẹ wá kun ọ̀dà àtúnṣe baignoire fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Iye wákàtí tí wọ́n bá kọ sára agolo ni kí ẹ dúró kí omi tó kàn án. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí irin lásán ló wà níbẹ̀, gíláàsì kò dé ọ̀hún.

Sáńpépà ṣì kù nílé mi. Bí ẹ bá ti ra ọ̀dà, ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá pè mí ní Sátidé.