Ààbò Òfin Lórí Iṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì

Nínú ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1985 pé aláṣẹ kò lè yọ olùkọ́ tí òfin yunifásítì dáàbò bò láìtẹ̀lé ìlànà òfin náà. Òfin ni ó gba àwọn olùkọ́ 49 tí Yunifásítì Ìlọrin lé ní 2001, ṣùgbọ́n 2009 ni ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ.

Olùkọ́ àdéhùn kò tilẹ̀ ní asà yìí. Bí àkókò inú ìwé rẹ̀ bá pé, kò sí ẹni tí yóò lé e. Kí wọ́n má tún ìwé náà ṣe ti tó. Bí ó bá wá yàrá sí Ìdí Arẹrẹ, owó ọdún kan ni onílé yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kò dá lójú.